Ewé Ìsàlẹ̀ Tí N Kò Gé

Èmi tí ìyá mi sọ ní orúkọ kan, tí gbogbo àdúgbò sì ti fi Má-Kàn-Mí-Léwé rọ́pò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ àgbẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́yà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí n kò mọ̀wé. Orí mi pé. Orúnkún ni kò gbọ́ tèmi mọ́, a kì í sì í fi orúnkún pín ogún. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, àti ìwọ àbúrò mi onígbàjámọ̀ tí mo fi ṣe alábòójútó ogún yìí, ẹ fetí sílẹ̀.

1. Ilé tí mo ń gbé jẹ́ ti àkọ́bí mi ọkùnrin, wẹ́dà, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì, ní ìdọ́gba, àfi ibi tí mo bá yọ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ yìí. Ibùsùn ìyá wọn jẹ́ ti nọ́ọ̀sì nìkan. Ọwọ́ mi ni mo fi kàn án kí n tó gbé ìyá wọn wálé. Ẹsẹ̀ ibùsùn náà kan kúrú díẹ̀. Ìyá yín fi í ṣe ẹ̀rín títí ó fi lọ, kò sì jẹ́ kí n tún un ṣe. Ẹ̀yin náà, ẹ má tún un ṣe.

2. Ayùn, ìfági àti òòlù mi di ti wẹ́dà. Mo mọ̀ pé irin ló fẹ́ràn. Kó ṣáà gbé wọn síbi tí òjò kò ní dé. Àbúrò mi ni kó kó àwọn adìẹ tó kù, nítorí wọ́n ń ṣá tòmátò tó bá pọ́n, n kò sì ní ọkàn láti pa wọ́n.

3. Ní ti gbèsè, bíríkìlà tó ń gbé òdìkejì títì nìkan ló jẹ mí, ẹ̀bẹ̀ ló sì jẹ mí. Ó sọ níwájú èrò pé ilẹ̀kùn tí mo kàn kì í pa dé, nígbà tó jẹ́ pé ògiri tirẹ̀ ló wọ́. Mo dárí jì í. Ṣùgbọ́n ògiri náà ṣì wọ́.

4. Yàrá iwájú tó kọjú sí títì, níbi tí aránṣọ, obìnrin ayálégbé mi, ń gbé, tó sì ti ń ránṣọ, àti ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé ògiri, kí aránṣọ máa lò wọ́n títí ọjọ́ ayé rẹ̀, láìsan owó ilé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lé e.

Wẹ́dà, mo gbọ́ ohun tí o sọ. O rò pé etí mi ti di. O ní bí bàbá bá ti lọ, aránṣọ á kó ẹrù rẹ̀, ẹ ó da sìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìn ilé, yàrá iwájú á sì di ibi tí ẹ ó ti máa ta irin. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ. Ọmọ mi, n kò bá ọ wí. O rò pé obìnrin náà ń wá àyè ìyá rẹ. Àyè ìyá rẹ kò ṣófo rí, kò sì sẹ́ni tó béèrè fún un.

5. Ó wá ku tòmátò ẹ̀yìn ilé. Òun ló fún mi lórúkọ, nítorí náà kí lọ́yà kọ ọ́ dáadáa. Bàbá mi kò gé ewé tòmátò rí. Ó ní ewé ni igi fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀, pé ẹni tó gé e ti da ìkòkò ẹni tí ebi ń pa nù. Aránṣọ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ewé ìsàlẹ̀ tó ń kan ilẹ̀, tí òjò ń ta ẹrẹ̀ sí lára, òun ni àrùn ń bá gòkè. Kí a gé gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ ibi tí èso àkọ́kọ́ ti so, díẹ̀díẹ̀, láàárọ̀ tí ìrì bá ti gbẹ, kí a sì fi ewé òkè sílẹ̀ kí oòrùn má baà jó èso. Omi gbígbóná ló fi ń nu àlùmọ́gàjí rẹ̀ láti igi dé igi. Mo ní tòmátò kì í ṣe ṣòkòtò tí a ń gé lẹ́sẹ̀. Ó ní orí kunkun mi gan-an ló yẹ kí a gé.

A pín ilẹ̀ náà, ìlà tirẹ̀, ìlà tèmi. Ewé tèmi ń yọ àmì dúdú, ó ń gbẹ. Tirẹ̀ ń so. Mo ní ilẹ̀ ló yàtọ̀. Ó ní ká pààrọ̀ ìlà. A pààrọ̀, tèmi tún gbẹ. Mo ní oòrùn ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú mi ríran. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni obìnrin náà ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, kì í sọ ju ọ̀rọ̀ ìwọ̀n aṣọ lọ. Ewé ìsàlẹ̀ mi nìkan ló ń mú un dìde. Kò lè fojú rí i kó mú un mọ́ra. Á wá, á bú mi, á gé díẹ̀, á jókòó lórí báàkẹ́tì tí a dojú rẹ̀ dé, a ó sì máa jiyàn títí oòrùn á fi le. Bí mo bá gé e fúnra mi, kí ló tún fẹ́ wá ṣe? Ẹ̀yin ń gbé ọ̀nà jíjìn, iṣẹ́ ni, n kò dá yín lẹ́bi. Ẹni tó ń bá mi jà láràárọ̀ ni kò jẹ́ kí ilé yìí pa mí.

6. Aránṣọ kò mọ ohun tí mo fún un, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ. Bó bá gbọ́, á ní òun kò tọrọ, á sì kó ẹrù rẹ̀ láti fi hàn mí. Lẹ́yìn ikú mi, nígbà tí àwọn àlejò bá ti lọ, kí àbúrò mi kà á fún un. Bó bá kọ̀, kí ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ló máa ń mú un le sí i. Kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sórí ẹ̀rọ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Lọ́yà ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kù. Ó kù, ṣùgbọ́n aránṣọ ti ń pè mí láti ẹ̀yìn ilé, ó ń béèrè irú ìyà tí mo tún fi ń jẹ igi. Ẹ gbé íńkì wá kí n tẹ̀ka, kí n tètè lọ dá a lóhùn.

Àtàǹpàkò Má-Kàn-Mí-Léwé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, ọdún 2019.

Ẹlẹ́rìí: ṣọ́máàkà orí kọ́nà.
Ẹlẹ́rìí: ìyá oníbúrẹ́dì.