Ìwé Tó Kọ̀ Tí Kò Ṣí

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Ìtamága, Ìkòròdú.
                                        Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Rodiat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara yín le ní Ẹ̀pẹ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Zàíd ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Àwa náà wà níbí, àfi iṣẹ́ tí kò jẹ́ ká sinmi. Má bínú pé o ò gbúròó mi, ọkàn mi ni ò balẹ̀. Ó ti balẹ̀ báyìí, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Oṣù tó kọjá ni Bàámi ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi ní Èjìnrìn pé ojú àwọn ò ríran dáadáa mọ́. Dókítà ní ìríran tó kù fún wọn kò ní dára ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ni Bàámi bá ní kí n wá kó gbogbo ìwé àwọn fún ilé ẹ̀kọ́ abúlé ní Sátidé tó kọjá yìí. O mọ̀ pé Màámi ò mọ̀wé kà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Bàámi ń kàwé sí wọn létí. Mo sunkún, Rodiat.

Mo wá rántí ẹ̀rọ ìkàwé pẹlẹbẹ tí ẹ̀gbọ́n mi Ọláògún fi ránṣẹ́ sí Bàámi, tó lè sọ lẹ́tà di gàdàgbà. Mo ra ìwé tí Bàámi fẹ́ràn jù, ìtàn atukọ̀ kan, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ náà kọ̀ ọ́. Láptọ́ọ̀pù mi náà kọ̀ ọ́, èyí tí Dáúdà ibi iṣẹ́ wa fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà dípò Windows, sí nígbà tó ń fà bí ìgbín, tí ìwọ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo gbé ohun tí mi ò mọ̀ wọlé. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní kí n lọ ra òmíràn.

Ọjọ́bọ̀ ni mo tó gbé ìtìjú tà, tí mo bi Dáúdà. Ó ní ṣé mi ò rí ibi tí wọ́n kó àwọn ètò ọ̀fẹ́ sí nínú Linux fúnra rẹ̀ ni, kí n wá Calibre níbẹ̀, ètò tó ń ṣí ìwé orí kọ̀ǹpútà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìwé náà ṣí wẹ́rẹ́, Calibre sì yí i padà sí irú èyí tí ẹ̀rọ Bàámi ń gbà. Abéèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, agídí mi ló pọ̀.

Ní Sátidé, Bàámi gbé ẹ̀rọ náà súnmọ́ ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọn ò dá ọ̀rọ̀ kíkó ìwé lọ sílẹ̀ mọ́. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Ìgbà tí a dé ìdí ààrò ni Màámi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti lé lọ́dún kan tí Bàámi ti ń ṣí ìwé yẹn bí ẹni ń kà á, tó sì jẹ́ pé orí ni wọ́n fi ń hun ún. Atukọ̀ tó kú sómi nínú ìtàn ti jíǹde, ó ti fẹ́yàwó méjì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ.

“Kí n wá dójú tì wọ́n ni? Àmọ́ tiwọn yẹn dùn ju tinú ìwé lọ o. Mi ò wá ní mọ bí ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì ṣe parí mọ́.”

Bá mi kí ọkọ rẹ àti Zàíd. Bí o bá wá sọ́jà Èjìnrìn, yà kí àwọn òbí mi. Tí Bàámi bá sì ń kàwé lọ́wọ́, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Morádéyọ̀