Kọ́kọ́rọ́ Ilé Wa Wà Lọ́wọ́ Mi

Bàbá Lérè,

Ẹ má wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kiri. Ó wà nínú báàgì mi. Lérè yà wá kó tó lọ síbi iṣẹ́, mo sì bá a lọ sí ilé rẹ̀ ní Missouri City láti wẹ ọmọ-ọmọ wa.

Ẹ dárí jì mí. Nígbà tí ẹ ní a ó wakọ̀ lọ sí Arizona lónìí, mo bi yín pé, "Ìkómọ ọ̀la ńkọ́?" Ẹ ní, "Ẹrù wo la tún fẹ́ dúró dì? Inú ẹrù la ń gbé." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sì lọ wẹ̀.

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí a ti ta ilé, tí a sì kó wá sínú ọkọ̀ tí a fi ń ṣe ilé yìí, kò sí yàrá kejì tí mo lè wọ̀ láti bínú. Bí mo bá lọ ra iyọ̀ pàápàá, àyà mi á máa já pé n ó padà bá ilẹ̀ lásán. Sárà tẹ̀ lé Ábúráhámù láti àgọ́ dé àgọ́, èmi náà sì ti tẹ̀ lé yín. Ṣùgbọ́n Ábúráhámù dúró sọ Ísáákì lórúkọ.

Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù. Ẹ ṣí fèrèsé kí ẹ tó tan gáàsì. Lérè yóò wá gbé yín ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ni bàbá àgbà, ẹnu yín la ń wò. Ẹ mú orúkọ ọmọ wá, ẹ ó sì gba kọ́kọ́rọ́ yín.

Ìyá Lérè