Omi Ẹ̀rọ Nínú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Mi

Bàbá mi, ẹni tí mo fẹ́ràn tí mo ṣì ń bá jà,

Mo ti ra ọkọ̀ ojú omi. Ẹ jókòó dáadáa níbi tí ẹ wà, torí mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn sí i. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ nídìí lẹ́yìn o. Inú ikùn ọkọ̀ yìí ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, lábẹ́ pákó tí èèyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi tiyín. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí pákó yẹn, òórùn gíríìsì àti epo àti omi tó ti pẹ́ nínú òkùnkùn kọ lù mí nímú, ojú mi sì ń ṣomi. Ẹ má pè é ní ẹkún. Òórùn ló ṣe é.

Calgary ni mo ṣì wà. Kò sí òkun níbí. Òkè ńláńlá ló wà láàárín àwa àti òkun, ẹni tó bá sì fẹ́ dé etí rẹ̀ á wakọ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gbogbo èèyàn ló ti sọ ìyẹn fún mi, bí ẹni pé mi ò mọ ibi tí mò ń gbé. Wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ ọ́ níbi iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, nọ́ọ̀sì ni, a jọ máa ń wọ train ní Whitehorn lọ sí downtown. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, àwa ń wá PR, ìwé ìgbélùú, ìwọ ń wá ọkọ̀ ojú omi." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò dá ọkọ̀ náà padà.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló ni ín tẹ́lẹ̀. Etí òkun ní British Columbia ló ti ń lò ó, kó tó di pé ó kó wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbí. Láti ìgbà náà, ẹ̀gbẹ́ ilé ni ọkọ̀ náà wà, tí snow ń já lé e lórí lọ́dọọdún. Nígbà tí mo yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò, mo rí iyọ̀ tó ti gbẹ funfun sí ẹnu àwọn họ́ọ̀sì, bí èyí tó máa ń wà lára ẹja gbígbẹ. Mo fi èékánná họ ọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni ọkàn mi lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá ti èbúté dé ní Ìkòròdú? Ẹ kì í tètè wọlé. Ẹ máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ẹ ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, èmi ni mo sì máa ń da omi kànga lé wọn lórí. Ẹ ní iyọ̀ inú ọ̀sà máa ń yún yín lára, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ó fọ àárín ìka ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ẹ ó mí kanlẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ mímí yẹn.

Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo bi yín léèrè. Mo ní, "Bàbá mi, ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ṣé iyọ̀ ò ń yún òun náà ni?" Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yín tó máa ń mi èjìká. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Dèjì, pé kó wá gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹ wá yí sí i, òun lẹ sì dá lóhùn. Ẹ ṣàlàyé fún un pé iyọ̀ ń jẹ ẹ́ńjìnnì láti inú, bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Pé omi tí ọkọ̀ ń fà láti fi mú ara rẹ̀ tutù, òun náà ló ń pa á díẹ̀díẹ̀. Pé ká ní omi ẹ̀rọ wà ní èbúté ni, ẹ̀ bá máa fún un mu lójoojúmọ́. Bùọ̀dá Dèjì ń wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójúde. Èmi ni mo bèèrè, èmi ni mo gbọ́, abọ́ omi ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Kí ló dé, Bàbá mi? Ṣé ẹ rò pé etí mi yàtọ̀ sí tirẹ̀ ni?

Èmi náà ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún yín tí ẹ bá wọ abẹ́ pákó ọkọ̀. Tí mo bá na ọwọ́ sí nǹkan, ẹ ó ní, "Má fọwọ́ kàn án, gíríìsì ò yẹ ọmọbìnrin." Mo máa ń mú ọwọ́ kúrò. Ẹ ò sọ pé kí n mú ojú kúrò.

Ẹ́ńjìnnì yẹn gbóná títí ó fi kú sáàárín ọ̀sà pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ló fà yín wálé. Nígbà tí ẹ tú u, ìpẹtà ti dí gbogbo ọ̀nà omi inú rẹ̀ pa. Láti ìgbà náà lẹ ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láìfọ ẹsẹ̀, torí pé ẹ ò lọ ibì kankan. Wọ́n ní àìsàn ló pa yín. Àwọn ló wí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, mo dìde láàárín ẹbí, mo ní kí wọ́n fún mi ní àpótí irinṣẹ́ yín. Àbúrò yín wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní kí ni obìnrin fẹ́ fi sípánà ṣe ní Canada. Bùọ̀dá Dèjì ni wọ́n kó o fún. Kò pẹ́ rárá tó fi tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mi ò tíì dárí ìyẹn jì í. Mo ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ipá mú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe fún yín. Tó bá wù yín, ẹ fetí sí i. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní downtown ni kí n máa ya àwòrán páìpù epo lórí kọ̀mpútà, ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ ara mi gé họ́ọ̀sì rí. Snow ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán. Mo wọ inú ọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé kan, mo wá họ́ọ̀sì tó ń gbé omi láti ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ sínú pọ́ǹpù, mo sì gé e láàárín. Mo ki páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta bọ ibẹ̀. Ẹnu kan kọjú sí òkun, ìkejì kọjú sí pọ́ǹpù, ìkẹta ni mo fi sílẹ̀ fún họ́ọ̀sì tí a fi ń bomi rin ọgbà. Téèyàn bá ti òkun dé, á ti ẹnu ti òkun, á so omi ẹ̀rọ mọ́ ìkẹta, á tan ẹ́ńjìnnì, omi tí kò níyọ̀ á sì fọ gbogbo inú rẹ̀ jáde láti ẹnu sàlẹ́ńsà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ sọ fún Bùọ̀dá Dèjì lọ́jọ́ náà ni.

Fẹ́mi, ọkọ mi, dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ife tíì. Ó ní, "Babe, jọ̀ọ́, jẹ́ ká pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo ní, "Ẹni náà lò ń bá sọ̀rọ̀ yìí."

Kò tíì mu tíì yẹn tán tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè lórí video. Fẹ́mi ló ti sọ fún un. Bùọ̀dá Dèjì ní, "Àbúrò mi, fi nǹkan yẹn sílẹ̀. Bàbá ò kọ́ ẹ níṣẹ́ yìí."

Mo ní, "Òótọ́ ni, wọn ò kọ́ mi. Ẹ̀yin ni wọ́n kọ́. Ẹ sọ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi: ṣé omi ni kí n kọ́kọ́ ṣí ni, àbí ẹ́ńjìnnì ni kí n kọ́kọ́ tàn?"

Ó ní network ò dáa.

Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń kọ́kọ́ tàn, Bàbá mi. Téèyàn bá ti ń tú omi ẹ̀rọ sí i nígbà tó ṣì ń sùn, omi lè gba ẹ̀yìn wọnú rẹ̀, ó sì bàjẹ́ nìyẹn. Mo sọ fún Fẹ́mi pé kó dúró ti ẹnu ẹ̀rọ, kó má ṣí i títí n ó fi pariwo. Mo tan ẹ́ńjìnnì. Ó wú ikọ́, ó tún wú u, ó wá dìde. Mo pariwo. Fẹ́mi ṣí omi. Mo yọjú wo sàlẹ́ńsà, mò ń dúró de omi. Èéfín nìkan ló ń jáde. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná hàn ń gòkè, òórùn rọ́bà tó ń jóná bẹ̀rẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ti jáde sẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo ké sí Fẹ́mi kó ti omi, mo pa ẹ́ńjìnnì.

Fẹ́mi ò pariwo mọ́ mi. Ì bá dáa kó pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́: "Ta ọkọ̀ yìí. O ti gbìyànjú. Bàbá á mọ̀ pé o gbìyànjú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú jù. Mo ní, "Mi ò ṣe é kí Bàbá lè mọ̀ pé mo gbìyànjú. Mò ń ṣe é kó lè ṣiṣẹ́." Mo padà wọ abẹ́ pákó.

Mo tú pọ́ǹpù. Kẹ̀kẹ́ rọ́bà kékeré tó ń fa omi nínú rẹ̀ ti gbẹ láti ọjọ́ tó ti jìnnà sómi, àwọn abẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀ sì ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo ra tuntun nígbà tó yá, ṣùgbọ́n mi ò kàn ju àwọn tó ya yẹn nù. Mo tẹ́ aṣọ àlòkù, mo tò wọ́n sórí rẹ̀, mo fi wọ́n kan ara wọn títí kẹ̀kẹ́ náà fi padà jọ kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin ni mo rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kì í ti ẹ́ńjìnnì padà bí nǹkan kan bá ṣì sọnù sínú rẹ̀. Mo fi ìka wá ọ̀kan tó kù yẹn nínú páìpù títí awọ ọwọ́ mi fi bó. Ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọ́rọ́ ló sá sí. Nígbà tí mo fà á jáde, mo pariwo débi pé ajá aládùúgbò wa dá mi lóhùn.

Snow tún já kí ọjọ́ Sátidé kejì tó pé. Ní May! Mo fi ìgbálẹ̀ gbá a kúrò lórí ọkọ̀, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, bí mo ṣe pariwo tí Fẹ́mi ṣí omi, sàlẹ́ńsà sín, ó tu omi dúdú sórí bàtà Fẹ́mi, ó wá ń tú u jáde gììrì. Fẹ́mi ń fò sókè bí ọmọdé. Mo fi ìka kan omi náà, mo tọ́ ọ wò. Ẹ máa bá mi wí, mo mọ̀. Iyọ̀ wà níbẹ̀, díẹ̀. Mo jẹ́ kó máa ṣàn títí kò fi ní iyọ̀ kankan mọ́.

Nígbà tí ooru dé, a so ọkọ̀ mọ́ ìdí jíìpù wa, a gba àárín àwọn òkè kọjá lọ sí òkun. Èmi ni mo darí rẹ̀. Fẹ́mi di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó ń ka Sáàmù lábẹ́nú. Omi ibẹ̀ tutù, kò jọ ọ̀sà tiwa rárá, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, abẹ́rẹ́ ìgbóná sì dúró sí àyè rẹ̀. Mo lọ títí ilé fi kéré létí omi. Mo padà wá nígbà tó wù mí.

Ẹnu ẹ̀rọ omi kan wà ní èbúté náà, Bàbá mi. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni, lórí òpó kékeré kan, fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú họ́ọ̀sì lọ́wọ́. Irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀. Inú bí mi fún yín débi pé mi ò lè dá a so, Fẹ́mi ló bá mi so ó. Ta ló yẹ kó gbé irú rẹ̀ sí èbúté tiyín? Ṣé ẹ tiẹ̀ bi ẹnikẹ́ni rí? Àbí wọ́n yí ojú sí ẹlòmíràn nígbà tí ẹ bèèrè?

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fẹ́mi ra ọ̀dà wá pé kí n kọ orúkọ sára ọkọ̀. Òun àti gbogbo èèyàn ti gbà pé orúkọ yín ni mo máa kọ. Mo rántí pé orúkọ Bùọ̀dá Dèjì lẹ kọ sára tiyín, ní lẹ́tà pupa gàdàgbà, ọkọ̀ tí òun kì í fẹ́ wọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ nínú oòrùn, mo sì fara balẹ̀ kọ orúkọ ti ara mi, gbogbo rẹ̀, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ. Kò wọ́ rárá. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ wá pa á rẹ́. Ẹ wá fọwọ́ ara yín pa á rẹ́. Ẹ wá, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí gíríìsì yẹ, tí kò sì yé fẹ́ràn yín.