‘Bo o’ Tí Mi Ò Fàmì Sí

                                        Ilé tí o mọ̀,
                                        tí mi ò ní kọ òpópónà rẹ̀ síbí.
                                        Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Nọ́ọ̀sì mi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí ikùn tó ń ṣíwájú rẹ wọlé. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ò wú mọ́, bíi ti ọjọ́ tí o wọ bàtà ọkọ rẹ lọ síbi iṣẹ́? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń fọ abọ́ báyìí, àbí ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún nígbà tí oúnjẹ bá ti tán? Àkọ́bí rẹ ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù? Mo gbà á ládùúrà pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ lọ́jọ́ náà. Màámi kí ọ. Wọn ò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí ọ o, àmọ́ kò sí ọjọ́ tí wọn kì í béèrè ẹ.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló ṣe mí tí mò ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́ nígbà tí fóònù wà. Mo ti pa fóònù mi. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Bó bá ti dún báyìí, àyà mi á já, torí ohùn tí mi ò gbọ́ rí ló máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n á bú mi tán, wọ́n á wá sọ àwọ̀ aṣọ tí mo wọ̀ jáde láàárọ̀ fún mi. Aládùúgbò wa tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó fi sínú bàtà.

O mọ iṣẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ò yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń gbowó oṣù lórí eré ọmọdé. Èmi ni mò ń ya àwọn ẹ̀dá inú géèmù kí àwọn yòókù tó mú wọn rìn, kí wọ́n tó mú wọn jà. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa ní kí n ya jagunjagun obìnrin kan tó ti dàgbà, tójú rẹ̀ ti rí nǹkan. Mo yà á títí, kò dùn mọ́ mi nínú. Gbogbo èyí tí mo yà ló dà bí ọmọge tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí lórí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbójú sókè, mo rí Màámi níbi tí wọ́n ti ń bínú sí ife tí wọn ò rí, mo ní háà, ojú rèé! Mo tọrọ ojú náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n máa mú un lọ, pé àwọn ò fi ṣe nǹkan kan mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí. Wọ́n ní, “Tí o bá ti ya èjìká mi, bò ó.”

O mọ àpá náà. Lẹ́yìn èmi, ìwọ nìkan ni Màámi ń bọ́ ìborùn níwájú rẹ̀. Ọmọ ìrákòrò ni mí nígbà tí mo fa ìkòkò epo gbígbóná láti orí sítóòfù, Màámi sì fi ara wọn bò mí. Epo náà ò kàn mí rárá. Èjìká wọn títí dé ẹ̀yìn ló gbà á. Láti ọjọ́ náà, ooru ni o, òjò ni o, ìborùn ni. Inú ilé nìkan ni wọ́n ti ń ká a sílẹ̀, tí màá fi òróró pa àpá náà fún wọn nírọ̀lẹ́ torí pé ó máa ń yún wọn.

Nínú iṣẹ́ wa, ara la kọ́kọ́ ń yà, aṣọ á tẹ̀ lé e. Mo ya ara náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, tàpátàpá, mo wá fi ìborùn lé e. Ni àwọn ará ọ́fíìsì bá bẹ̀rẹ̀ ìjà. Apá kan ní ká yọ ìborùn, pé ọgbẹ́ jagunjagun kì í ṣe ohun ìtìjú. Apá kejì ní ká fi sílẹ̀, pé àwọn òbí ló ń rà á fún ọmọ. Wọ́n fà á títí. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún? Nígbà tó yá, ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ìborùn dúró. Inú mi dùn. Mo ń sáré lọ gbé Màámi lọ́dọ̀ dókítà ojú, mo yára tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí Télọ̀.

Télọ̀ ni a ń pe ẹni tó ń rán aṣọ fún àwọn ẹ̀dá inú kọ̀ǹpútà náà. Èmi àti ẹ̀ nìkan ló gbọ́ èdè wa níbẹ̀, òun la sì fi ń ṣòfófó lójú gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ò ní àmì ohùn, o sì mọ̀ mí, kódà kó ní in, mi ò ní fi sí i. Ohun tí mo kọ ni, “Télọ̀, bo o.” Bò ó ni mo ní lọ́kàn. Télọ̀, tó ti ń bẹ Ọlọ́run láti ọjọ́ yìí pé kí ìborùn náà kúrò, kà á sí bọ́ ọ. Ó bọ́ ọ. Kí n tó dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì ti gbé àwòrán náà jáde sáyé láti fi polówó géèmù, láìtún un wò.

Yéè, ọ̀rẹ́ mi! Mi ò tíì mu tíì àárọ̀ tán tí àwọn kan ti ń pariwo lórí ayélujára pé a tú ìyá àgbà síhòòhò láti fi tajà. Àwọn kan ní ìyẹn kọ́ ló dun àwọn, pé a mọ̀ọ́mọ̀ ya obìnrin tó sanra, tó hunjọ, torí pé a kórìíra arẹwà. Ọ̀gá bẹ̀rù, ó ní ká dá ìborùn padà kíá. Ìyẹn gan-an ló wá dá kún un. Àwọn mìíràn tún dìde, wọ́n ní ojo ni wá, pé bí a ṣe bo èjìká lónìí la ó ṣe bo ojú lọ́la, tí a ó sì bo ẹnu gbogbo ayàwòrán. Géèmù ọ̀hún ò tíì jáde o! Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì fọwọ́ kàn án.

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ mi rèé. Ọ́fíìsì ya fídíò kékeré kan láti fi tu àwọn èèyàn nínú. Èmi àti Télọ̀ ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí mo kọ yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì gbàgbé rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà mi, lẹ́yìn orí ọ̀gá tó ń sọ̀rọ̀. Ẹnìkan dá fídíò dúró, ó fẹ̀ ẹ́, ó rí “bo o”, ó sì rí orúkọ mi lókè rẹ̀. Bí àwọn ọ̀gbufọ̀ ṣe yọ lọ́tùn-ún lósì nìyẹn. Ẹni tó ń bínú sí ìhòòhò ní bọ́ ọ ni, èmi ni mo pàṣẹ. Ẹni tó ń bínú sí ìborùn ní bò ó ni, èmi náà ni mo pàṣẹ. Àwọn tí ìsanra ìyá náà ń dùn ní bọ́ ọ ni lóòótọ́, àmọ́ ti oúnjẹ ni, pé mo ní kí Télọ̀ máa bọ́ ọ lọ. Ọ̀kan ní bó o ni, bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òmíràn kọ ọ̀rọ̀ gígùn pé bọ ọ́ ni, pé òrìṣà la fẹ́ kí àwọn ọmọ àwọn máa bọ. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìwọ tí o máa ń fi bírò pupa fàmì sí lẹ́tà mi nílé-ìwé, wá rẹ́rìn-ín tìẹ náà. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́.

Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi. Wọ́n rí nọ́ńbà mi. Wọ́n ní àwọn á bọ́ èmi náà, kí n wo bó ṣe ń rí. Ẹnìkan ya fọ́tò géètì wa, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ibí ló ń gbé.” Mo lọ fi sun ọlọ́pàá, ó béèrè pé géèmù wo ni, pé ọmọ òun fẹ́ràn géèmù. Mo ti fi kọ́bọ́ọ̀dù dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tí ọkọ̀ bá dúró níta, mi ò ní mí títí á fi lọ. Télọ̀ ń bẹ̀ mí, ó ń sunkún. Kí ni ẹkún Télọ̀ fẹ́ ṣe fún mi?

Ti Màámi ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ojú wọn kúkú ni. Ẹnìkan rí wọn níbùdókọ̀, ó yà wọ́n, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán mi, ó ní, “Ẹ wò ó, ó wà láàyè!” Láti ìgbà náà ni àwọn tí a ò mọ̀ rí ti ń kí Màámi lójú pópó. Inú Màámi sì ń dùn! Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ti wá lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń bá àwọn ya fọ́tò. Ọ̀dọ́kùnrin kan bi wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé. Wọ́n júwe géètì wa fún un dáadáa, wọ́n tún ní kó yà wá mumi. Ó sì yà. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá a lórí àga wa, ife omi lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì, ó dojú rẹ̀ kọ Màámi. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pe orúkọ mi lódindi, ó ní, “Ilé yín dáa o.” Ó dúpẹ́ omi lọ́wọ́ Màámi, ó lọ. Kò ṣe nǹkan kan.

Mo rò pé ibi tó máa burú dé nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màámi lọ ra búrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ò ní ìkà nínú, òun fúnra rẹ̀ ló rò ó fún mi. Ó na fóònù sí wọn, ó ní, “Màámi, ẹ̀yin kọ́ rèé?” Àwòrán tí kò ní ìborùn ni. Màámi ní àwọn ò rí i dáadáa, kó fẹ̀ ẹ́. Ó fẹ̀ ẹ́. Ó ní Màámi wò ó pẹ́, wọ́n sanwó, wọ́n sì gbàgbé búrẹ́dì síbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé òróró dé, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo bá wọn lórí ibùsùn, wọ́n fi pín-ìnnì de ìborùn mọ́ ọrùn. Wọ́n ní, “Gbé e padà. Kò yún mi lónìí.” Ooru tó mú lọ́jọ́ náà, ògiri ń làágùn. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọn ò tíì ká ìborùn náà sílẹ̀ lójú mi. Láàárọ̀ yìí mo rí wọn tí wọ́n ń fi èjìká ha ara férémù ilẹ̀kùn, nígbà tí wọ́n rò pé mo ti jáde. Mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ àmì ohùn, ṣùgbọ́n ibo ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Lórí fóònù tiwọn ni o, àwọn èèyàn yẹn ò tíì rí nọ́ńbà rẹ̀. Sọ pé ikùn ti wúwo, pé kò sẹ́ni tó máa bá ọ wẹ ọmọ. Wọn ò ní kọ ọmọ tuntun. Má sọ pé ẹ̀rù ló ń lé wọn bọ̀. Tí wọ́n bá gbọ́ pé sísá ni, ẹnu géètì ni wọ́n máa gbé àga lọ, pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Èmi á dúró síbí, kí àwọn èèyàn yẹn lè máa wò mí dípò Màámi.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kó máa fọ abọ́. Bá mi fẹnu ko àkọ́bí lẹ́nu níbi tí eyín ò sí.

Tí Màámi bá dé, yàrá ẹ̀yìn ni kí o fi wọ́n sí. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, bóyá wọ́n á gbà fún ọ. Òróró díẹ̀díẹ̀, láti orí èjìká wá sísàlẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí o bá ṣe tán, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, jọ̀ọ́, bá mi bò ó.

Wò ó, mo fàmì sí i.

                                        Èmi ni tìrẹ, ẹni tí o mọ̀,
                                        Pẹ́ńsù