Ilẹ̀kùn Kan fún Gbogbo Ìlú

Ìlú Finch Soak

Rhonda ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun dáadáa, ṣé o ń sùn, ṣé o sì rántí pa ẹ̀rọ amúlégbóná yẹn kí o tó jáde lónìí? Kí ilẹ̀ tí wọ́n bí ọ sí má gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ, kí àwọn baba ńlá wa máa ṣọ́ ọ ní gbogbo oríta Adelaide tí mọ́tò ti ń sáré bí ẹni tí iná ń lé. Ara ìyá rẹ le. Ajá rẹ ti bímọ, abẹ́ ibùsùn mi ló kó wọn sí. Èmi nìkan ni ara mi kò balẹ̀, inú ń bí mi débi pé tíì ń tutù sínú ife kí n tó rántí mu ún.

Ọ̀rọ̀ ìbò ni. O ti gbọ́ pé Noreen, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kò wọlé sí ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀gbẹ́ni Gresham tó ń ta omi inú ike ló wọlé, omi ẹ̀rọ wa á sì máa níyọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọdé á máa họra, nítorí kí ni onítọ̀hún máa fẹ́ tún un ṣe fún? Ìbò mẹ́ta péré ló fi borí. Mo fẹ́ kí o mọ ibi tí ìbò mẹ́ta yẹn wà. Ẹ̀yìn táǹkì omi ilé ìwé ni wọ́n jókòó sí, márùn-ún ni wọ́n, èmi sì ni àgbà wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìbò fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré dé, wọ́n gbé àpótí wọn sínú gbọ̀ngàn ilé ìwé tí kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ. Ìyá rẹ àti àwọn àbúrò rẹ̀ dìbò ní kùtùkùtù, wọ́n bá Noreen wọ mọ́tò lọ kó àwọn arúgbó tó wà lábúlé. Bí wọ́n ṣe lọ tán ni ìyá tó bí ìyá rẹ gbé àga rẹ̀ dé, ó tẹ́ ẹ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi gbé àpótí padà sínú ọkọ̀. O mọ̀ ọ́n. Òun ló pọn ìyá rẹ tó rìn kúrò ní oko màlúù nígbà tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àti tíì san owó iṣẹ́, nígbà tí ìjọba ń ka màlúù tí wọn kì í ka àwa onílẹ̀ mọ́ ènìyàn, ká má tíì sọ pé kí a dìbò. Ó ní àpótí tí òun rìn tó bẹ́ẹ̀ kí òun tó débẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé e sá lójú òun. Ojú ọ̀hún kò sì ríran kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó rò pé àwa ọkọ àwọn ọmọ òun ti tẹ̀lé ìyàwó wa dìbò láàárọ̀.

A kò tíì dì í. Èmi ń wá awò ojú mi, àwọn yòókù ń sùn.

Mo gba ẹ̀yìn lọ sí ojú fèrèsé, mo ṣàlàyé fún ọmọbìnrin tó ń pín ìwé ìbò pé nínú òfin ìbílẹ̀ wa, ọkọ ọmọ kì í wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀, kì í pe orúkọ rẹ̀, kì í gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó na ọrùn wo ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ bá ara yín jà ni? Ṣé kí n ní kí ọlọ́pàá gbé ìyá yẹn kúrò?" Rhonda, mo yára juwọ́ fún un pé rárá. Mo ní kì í ṣe ìjà, ọ̀wọ̀ ni, kó kàn na ìwé ìbò sí mi. Ó ní òfin kò gbà kí ìwé jáde. Mo ní kó gbé àpótí wá nígbà náà. Ó ní àpótí kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan. Àpótí tó fò wá láti ìlú ńlá, kò lè rìn dé ojú fèrèsé.

Desmond, ọkọ àbúrò ìyá rẹ tó kéré jù, ní òun máa fi búláńkẹ́ẹ̀tì borí sáré wọlé. Ó kọlu òpó àsíá, gbogbo ajá ìlú sì gbá tẹ̀lé e. Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Desmond, ó kéré tán, àwọn ajá ti dìbò fún ọ. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ òfuurufú gbéra, a ń wò ó. Wọ́n kọ́ mi ní ilé ìwé míṣọ́n pé ìjọba àwa-ara-wa ni ohun tí àwọn tó pọ̀ jù bá fẹ́. Àwa la pọ̀ jù. Ẹ̀yìn táǹkì la pọ̀ sí.

Mo pe nọ́ńbà àwọn elétò ìbò lórí fóònù. Obìnrin kan gbé e, mo kí i, mo béèrè àwọn èèyàn rẹ̀, kò dáhùn, ó ní kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó wá sọ pé ọ̀rọ̀ mi ṣe pàtàkì sí àwọn gan-an, kí n ní sùúrù. Mo gbà á gbọ́. Mo jókòó tì í, wọ́n ń lu dùùrù fún mi títí fóònù fi kú. Nígbà tí mo tún pè, ohun kan náà ló sọ, bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, obìnrin tí a jọ jókòó láti àárọ̀.

Wọ́n ti wá kọ̀wé sí àwa márààrún báyìí pé a máa san owó ìtanràn, nítorí òfin ní dandan ni kí gbogbo ènìyàn dìbò. Wọ́n fi àyè kékeré sílẹ̀ kí n kọ ìdí tí n kò fi dì í. Orúkọ ìyá ìyá rẹ ni ìdí, n kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni pé láràárọ̀ ni ìyá ìyá rẹ ń jókòó síta tó ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àwọn ọkùnrin ọ̀lẹ ìlú yìí ló já Noreen kulẹ̀. Tó bá jẹ́ ìrù ẹran kangaroo ni wọ́n ń pín, ẹ̀yin ni ẹ ò bá kọ́kọ́ débẹ̀. Ká ní gbogbo yín dà bí àwọn ọkọ àwọn ọmọ mi ni, tí wọ́n tètè jí dìbò." Èmi wà lẹ́yìn ògiri, mò ń gbọ́ ìyìn yìí, èèwọ̀ sì ni kí n bá a sọ̀rọ̀.

Mo ní kí ìyá rẹ sọ fún un. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ó ní, "Ẹ fẹ́ kí n sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá ìbò fún wa pé àga òun ló dí yín lọ́nà? Ó máa ká àga yẹn, kò sì ní tún un tẹ́ mọ́ láé." Mo bínú jáde. Mo bínú padà wọlé. Òótọ́ ló sọ.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́. Kì í ṣe ti ìtanràn, kí wọ́n wá mú mi. Owó ilẹ̀kùn ni. Noreen máa tún dupò, èmi àti Desmond sì máa la ilẹ̀kùn kejì sí ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kí ìbò mìíràn tó dé. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, ra aṣọ fèrèsé tí a máa ta sí ẹnu ilẹ̀kùn iwájú, kó nípọn, n kò gbọdọ̀ rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ pàápàá.

Bí ìyá ìyá rẹ bá bi ọ́ ní ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn náà, sọ pé ìjọba ni. Sọ pé wọ́n ronú nípa òfin wa fúnra wọn, wọ́n sì ṣe é láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rìn lọ bẹ̀ wọ́n. Ó ń dùn mí láti gbé ìyìn náà fún wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti rìn tó.

Ibi tí o bá ti kanlẹ̀kùn, kí wọ́n ṣí fún ọ, kí ilẹ̀kùn ibẹ̀ má sì jẹ́ ẹyọ kan. Pa ẹ̀rọ amúlégbóná yẹn kí o tó sùn.

Bàbá rẹ,
Clifford