Ìdérí Kànga Ilé Wa

Olóòtú ètò rédíò wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni mí. Obìnrin aránṣọ tí a jọ ń gbé ilé nìkan ló máa ń bi mí pé, "Àlejò mi, ṣé o ti jẹun?" Ọmọ rẹ̀ já sí kànga tí kò ní ìdérí, ó sì kú.

Kí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń wádìí ikú ọmọdé tó dé, ará ilé ti ra ìdérí bo kànga náà. Bàbá onílé ní, "Ìwọ alákọ̀wé, o ò rí nǹkan kan o! Jẹ́ ká bo aránṣọ láṣìírí, kí wọ́n má sọ pé kò mójú tó ọmọ rẹ̀."

Ìgbìmọ̀ ní àwọn ò wá mú ẹnikẹ́ni, torí kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́ làwọn ṣe wá. Mi ò sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ikú ọmọ náà ni wọ́n ra ìdérí. Kànga ṣì ṣí sílẹ̀ káàkiri àdúgbò.

Ẹ̀yin òbí tó ń gbọ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ìyá ọmọ yẹn, kí lẹ máa fẹ́ kí n ṣe?