Mo Rí Orúkọ Rẹ Nínú Ìwé Àlejò

                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
                                        Yàrá Kọkànlá,
                                        Ṣakí,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Àpọ́nlé, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni ara rẹ? Ṣé àlàáfíà lo wà? Àǹtí rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Iṣẹ́ aránṣọ tí ò ń kọ́ ńkọ́, ṣé ọ̀gá rẹ ti ń jẹ́ kí o dá aṣọ gé fúnra rẹ? Ẹ kú ooru o. Tiwa níbí kọjá àfẹnusọ. Wọ́n ti sun gbogbo pápá tó yí Ṣakí ká, eérú ló ń fẹ́ wọ yàrá wa láti àárọ̀ títí di alẹ́. Mo lọ sílé ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ara bàbá mi le, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ebè tán. Mo yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ náà. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ti rí bùbá tí o rán sí àwọn, pé ọrùn rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n àwọn ń wọ̀ ọ́ lọ síbi gbogbo.

Orí fóònù ni ó yẹ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì pa á rẹ́, nítorí bí mo bá ti kà á tán ni mo máa ń rò pé bóyá èmi ni mo ṣi nǹkan náà túmọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ohun tí mo bá kọ síbí, mo ti kọ ọ́ nìyẹn.

O mọ̀ pé wọ́n kó àwa ọdún kìíní lọ wo igbó etí òkun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dókítà Ládòkun, tó ń kọ́ wa nípa igbó àti ẹranko, ní ẹni tí kò rí ju pápá Òkè Ògùn lọ kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ igbó. A sùn sí Ìjẹ̀bú Òde, a sì gba Ẹ̀pẹ́ kọjá ní kùtùkùtù Ọjọ́bọ̀. Mo pè ọ́ nígbà náà, o kò gbé e. Ó ṣe díẹ̀, o fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé o wà lẹ́nu iṣẹ́. O ní, "Mujee, rántí ìlérí wa o! Di ojú rẹ dáadáa." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi han Mọ́ládé tí a jọ ń gbé yàrá kan.

Àpọ́nlé, igbó náà dára. Nílé wa, téèyàn bá dúró lórí òkè, á rí ẹni tó gun ọ̀kadà bọ̀ láti oko kó tó dé. Níbẹ̀ yẹn, Mọ́ládé fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú mi, n kò rí i mọ́. Oòrùn kò ráyè kanlẹ̀. Pákó ni wọ́n tò sórí irà tí à ń gbà kọjá, àwọn igi kan sì wà tí gbòǹgbò wọn dúró sókè lórí omi bí ẹni tó ká ṣòkòtò tó fẹ́ la odò kọjá. Akàn kéékèèké ń sá wọ abẹ́ wọn. Mo rí ẹja tó jáde sórí ẹrẹ̀ tó ń fò kiri. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì tún bi Mọ́ládé bóyá ohun tí mo kọ tọ̀nà. Lẹ́yìn náà a wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fún wa ní àjẹ̀ pé kí a máa wà á fúnra wa. Èmi tí n kò wọ ọkọ̀ omi rí, gbogbo agbára ni mo fi ń wà á. Samsudeen, aláwàdà kíláàsì wa, pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Mujeebat, rọra o! Ebè kọ́ lò ń kọ!"

Kò pẹ́ tí a gúnlẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró òkun.

Ṣé o rántí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀? Ìwé Kẹrin ni a wà. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndèjì kó wa gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n na ọwọ́ sí pápá tí atẹ́gùn ń fẹ́ koríko rẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n ní bí òkun ṣe rí nìyẹn, pé omi ló kàn jẹ́. Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, ìwọ lo di ọwọ́ mi mú. Ìwọ lo ní ọjọ́ kan náà la máa rí i, ọwọ́ nínú ọwọ́, pé ẹni tó bá dá lọ wò ó ti da ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí o kó lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo rò pé ó tán. O ní rárá, ọ̀sà ló wà ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà kì í ṣe òkun. Nínú oṣù Kejìlá tí o wálé, lábẹ́ igi òrí tó wà lẹ́yìn ilé wa, mo tún bi ọ́. O fi Ọlọ́run búra pé ojú rẹ kò tíì tó o. O ní tí a bá gba ìsinmi ní oṣù Kẹrin, kí n wá sọ́dọ̀ rẹ, a ó jọ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sáré lọ sétí omi, mo fi ìborùn mi bojú. Mọ́ládé fà mí lọ́wọ́ dé ìdí igi àgbọn kan, mo kọ ẹ̀yìn sí òkun, mo jókòó.

Samsudeen ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ní, "Ẹ wá wò ó o! Ṣé àna rẹ ni òkun ni, tí ò ń bojú fún un?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyàwó Òkun. Dókítà Ládòkun wá bá mi. Wọ́n ti ní kí kálukú kọ orúkọ ewéko márùn-ún tó ń hù lórí iyanrìn níbi tí omi ń dé. Wọ́n bi mí bóyá ara mi kò yá ni. Mo ní, "Ara mi yá, sà. Ìlérí ni mo ṣe." Wọ́n ní ìlérí kì í gba máàkì fún èèyàn, pé òdo ni àwọn máa kọ fún mi níbẹ̀.

O mọ bí mo ṣe ń bẹ̀rù òdo. Sáà tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí n fìdí rẹmi. Síbẹ̀ mo jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ariwo omi ń dún lẹ́yìn mi, iyọ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi létè. Inú mi sì dùn. Mo ní ó kéré tán, ohun kan wà tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láìbi ẹnikẹ́ni: mo mọ bí a ṣe ń dúró de ọ̀rẹ́.

Nígbà tí à ń jáde, bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rótìmí, ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àti ìlú rẹ̀ sínú ìwé àlejò, kí ó sì kọ gbólóhùn kan nípa ohun tó rí. Bí ìṣe mi, n kò mọ ohun tí mo lè kọ. Mo bá ń ṣí ìwé náà sẹ́yìn, kí n lè wo ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ.

Àpọ́nlé Gbádébọ̀. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kọkànlá. O wá kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: "Ẹ̀ẹ̀kẹta mi rè é. Òkun kì í sú èèyàn!"

Mo ní kì í ṣe ìwọ. Mo kà á, mo tún un kà. Bàbá Rótìmí bi mí bóyá mo mọ ẹni náà ni. Mo ní ará ìlú mi ni. Wọ́n wo ìborùn mi tí mo ti sún kúrò lójú sí iwájú orí, wọ́n sì ti ń gbọ́ tí Samsudeen ń pè mí ní Ìyàwó Òkun. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Háà! Àbí ìwọ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ó wà nílé, tí kò ní fojú kan òkun àfi tí òun bá mú un wá? Ọmọ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà! Ó ní bí òun bá ní kó dúró títí tó fi máa hewú, á dúró ni. Àwọn tí wọ́n jọ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lulẹ̀." Ìgbà tí wọ́n rí ojú mi ni wọ́n pa ìwé náà dé. Wọ́n ní, "Má bínú, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé o ò mọ̀."

Mo lọ bẹ Dókítà Ládòkun pé kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n bi mí pé ìlérí ńkọ́? Mo ní ó ti tán, sà. Mọ́ládé bá mi padà. Mo tú ìborùn mi, mo dúró, mo wò ó. Mo kọ ewéko mẹ́rin nínú márùn-ún kí awakọ̀ tó fọn fèrè. N kò ní sọ bí òkun ṣe rí fún ọ. Ìwọ ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi bóyá èmi ni mo ya òmùgọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń di ojú nítorí ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìwé Kẹrin. Bóyá òótọ́ ni. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé o ti rí i, ǹ bá bínú fún ọjọ́ kan, lọ́jọ́ kejì ǹ bá ní kí o wá sọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n o búra fún mi. O fi mí ṣe ìtàn fún àwọn tí n kò mọ̀ rí. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an, ìwọ lo tún rán mi létí pé kí n di ojú. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Oṣù Kẹrin ló ń dùn mí jù. Ká ní n kò ṣí ìwé yẹn, ǹ bá wá, ǹ bá sì di ọwọ́ rẹ mú títí dé etí omi. Àpọ́nlé, ṣé wàá bá mi pariwo? Ṣé wàá ṣe bí ẹni tí ẹnu yà?

N kò ní wá mọ́. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, pàápàá ìyá rẹ, nítorí ọmọ ni wọ́n fi mí ṣe. Bí o bá ní èsì, kọ ọ́ sínú ìwé bí èmi náà ti ṣe, kí o sì kọ ọ́ nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Mọ́ládé ní kí n kí ọ. Kò mọ ohun tí mo kọ. Bá mi kí ọ̀gá rẹ, kí o sì bá mi kí àǹtí rẹ gidigidi. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń palẹ̀ yàrá mọ́ dè mí. Ohunkóhun tó bá wù ọ́ ni kí o sọ fún wọn nípa ìdí tí n kò fi wá. Wọn yóò gbà ọ́ gbọ́. Èmi náà gbà ọ́ gbọ́ rí.

                                        Èmi tó dúró dè ọ́ ni,
                                        Mujeebat.